Ali ibn Ridwan: Ọmọ Oníbúrẹ́dì Tó Rí Ìràwọ̀ Àrà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin ẹgbẹ́ wa, ìtàn tí a mú wá ní oṣù yìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti jagunjagun. Ìtàn oníṣègùn kan ni, ọmọ tálákà ilẹ̀ Misra, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ali ibn Ridwan. Ó lé ní 950 ọdún tó ti fi ayé sílẹ̀.

Ìbéèrè kan tí àwọn ọmọ kéwú máa ń bi wá ló jẹ́ kí a mú un. Àwọn tó ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì ní àárọ̀, tí wọ́n sì ń wá sí ilé kéwú ní ìrọ̀lẹ́ ló máa ń bi wá jù. Wọ́n á ní yàtọ̀ sí ìrun kíkí àti wàásù, kí ni àwọn fẹ́ fi èdè Lárúbáwá ṣe láyé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo ìdí ìràwọ̀ yìí. Àwa náà ti bi ara wa ní irú ìbéèrè yìí rí, nígbà tí a wà ní yunifásítì, tí a máa ń fi ìwé kéwú wa pamọ́ sísàlẹ̀ àpò. A kò rí èsì tó tẹ́ wa lọ́rùn títí di ìgbà tí a ka ìtàn ọkùnrin yìí.

Ìlú Giza ni wọ́n ti bí i, ní ọdún 988, èyí tó jẹ́ ọdún Hijra 377. Giza yìí náà ni ibojì gíga àwọn Fìráónà wà, ní òdìkejì odò Náílì sí ìlú Káírò. Iṣẹ́ búrẹ́dì yíyan ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ẹni tó bá ti kọjá níwájú ilé búrẹ́dì ní àdúgbò rẹ̀ lóru yóò mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́: ooru, èéfín, àìsùn, àti èrè tí kò tó nǹkan.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, ó kọjá sí Káírò láti wá ìmọ̀ kún ìmọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló jẹ́ tó fi yan ìmọ̀ ìṣègùn àti ọgbọ́n àwọn Gíríìkì láàyò. Kò rí ogún jẹ, kò sì sí ẹni tí yóò san owó olùkọ́ fún un, nítorí náà ìwé ló sọ di olùkọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo èyí sílẹ̀ nígbà tó dàgbà, Ibn Abi Usaybi'a, dókítà ará Síríà tó kú ní 1270, ló sì bá wa fi í pamọ́ sínú ìwé ńlá tó ṣe nípa ìgbésí ayé àwọn oníṣègùn.

Báwo ló ṣe ń jẹun? Nígbà míràn ó ń kọ́ ènìyàn ní ìwé, nígbà míràn ó ń tọ́jú aláìsàn, nígbà míràn ẹ̀wẹ̀ á jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, á máa wo ìràwọ̀ fún àwọn tó ń kọjá lọ. A kò ní fi èyí bò fún yín. Irú wọn kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Àwọn tó ń tẹ yanrìn wà káàkiri, wọ́n á béèrè orúkọ rẹ àti ti ìyá rẹ, wọ́n á sọ ìràwọ̀ tó ni ọ́ àti ọjọ́ tí owó yóò wọlé. Ẹ̀sìn wa kọ̀ ọ́. Ebi ló gbé Ibn Ridwan débẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe wá, síbẹ̀ ebi kò sọ irọ́ di òótọ́. Ohun kan wà níbẹ̀ ṣá o. Kí ènìyàn tó lè wo ìràwọ̀ lọ́nà tí wọ́n ń gbà ṣe é láyé ìgbà náà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìṣírò: ibi tí oòrùn wà lónìí, ibi tí òṣùpá yóò wà lọ́la, àti ipa ọ̀nà ìràwọ̀ márùn-ún tí kì í dúró lójú kan. Irọ́ ni èso igi náà, ṣùgbọ́n ìṣírò ni gbòǹgbò rẹ̀. Gbòǹgbò yìí ló wúlò fún ọmọ oníbúrẹ́dì ní òru ọjọ́ kan.

Ìparí oṣù April ọdún 1006 ni, ìparí oṣù Rajab ọdún Hijra 396. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Bí oòrùn ti ń wọ̀, ìràwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí yọ ní ìsàlẹ̀ sánmà, lápá gúúsù. Ẹ mọ àgùàlà, tí àwọn àgbà wa ń pè ní ajá òṣùpá, tí kò sí ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ tó o lójú ọ̀run. Ibn Ridwan ní tuntun yìí tóbi ju àgùàlà lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ju ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ òṣùpá lọ díẹ̀, gbogbo etí sánmà níbẹ̀ sì ń tàn.

Kì í ṣe òun nìkan ló rí i. Wọ́n rí i ní Ṣáínà àti ní Japan, àwọn àlùfáà ilé àdúrà kan ní Switzerland náà sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ní Baghdad, òpìtàn Ibn al-Jawzi gbé e síbi kan tí gbogbo Mùsùlùmí ìlú náà lè tètè mọ̀, ó ní ọwọ́ òsì kíbíláà àwọn ará Iráàkì ló wà, ìtànṣán rẹ̀ sì ń hàn lórí ilẹ̀ bí ti òṣùpá. Lójú ọ̀run tiwa níhìn-ín ńkọ́? Abẹ́òkúta kò tí ì sí nígbà náà, nítorí 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tó dó sí abẹ́ Olúmọ. Ṣùgbọ́n ìṣírò fi hàn pé ìràwọ̀ yìí ga níhìn-ín ju bó ti ga ní Káírò lọ. Ní Káírò, kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Níhìn-ín, ó dé agbedeméjì ilẹ̀ àti àtàrí. Ẹni tó bá ń ṣọ́ oko lóru nínú igbó Ẹ̀gbá ayé ìgbà náà, tí òjò kò sì ṣú, yóò ti rí i dájúdájú.

Kí ni Ibn Ridwan wá ṣe tí àwọn tó kù kò ṣe? Ó wọn ibi tí nǹkan wà. Àwọn àgbà onímọ̀ pín ipa ọ̀nà oòrùn sí ilé méjìlá, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n 30. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìràwọ̀ náà wà ní ìwọ̀n 15 ilé Àkekèé, nígbà tí oòrùn wà ní ìwọ̀n 15 ilé Màlúù ní òdìkejì gan-an. Ó kọ ibi tí òṣùpá wà. Ó kọ ibi tí ìràwọ̀ arìnrìn-àjò márààrún wà: Zuhal, Mushtari, Mirrikh, Zuhara àti Utarid. Ó tún kọ bó ṣe parí, pé ó dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi dé ilé Súńbúlà, tó sì pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí bọ́ sí nǹkan bí àárín oṣù August. Àárín oṣù Dhul-Qa'da, tó bá àkókò yẹn ṣe rẹ́gí, ni ìwé Baghdad náà ní kò hàn mọ́. Ẹlẹ́rìí méjì tí wọn kò mọ ara wọn, ẹnu wọn kò.

Ìgbésí ayé rẹ̀ ń bá a lọ. Nígbà tó pé ọdún 32, òkìkí rẹ̀ nídìí ìṣègùn ti kàn, kò nílò àtijókòó sẹ́bàá ọ̀nà mọ́. Ìjọba ilẹ̀ Misra fi í ṣe olórí àwọn oníṣègùn. Ó ra ilé, ó ní ìwé, ó ní wúrà. Ó kọ ìwé kan tó ṣì wúlò fún àwọn òpìtàn dòní, nípa bí ará ilẹ̀ Misra ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ àìsàn tí afẹ́fẹ́, omi àti ìdọ̀tí ìlú ń fà. Bí ẹ bá kà á, ẹ ó rò pé kòtò ìdọ̀tí àdúgbò wa ló ń sọ. Ó ní oníṣègùn tòótọ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ ìwòsàn aláìsàn ju owó rẹ̀ lọ, kí ó sì ní ìtara sí títọ́jú tálákà ju olówó lọ. Ọmọ oníbúrẹ́dì kò gbàgbé ilé.

Ṣùgbọ́n ènìyàn ni, ó sì le. Kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, ẹnu rẹ̀ mú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti òkú àti alààyè. Ó dúdú, kò sì lẹ́wà, àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, débi pé ó kọ ìwé kan láti fi hàn pé ẹwà kò sí lára ohun tí oníṣègùn nílò. Ní nǹkan bí ọdún 1049, dókítà Kìrìsìtẹ́nì kan tó ń jẹ́ Ibn Butlan wá láti Baghdad, ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀. Ohun tó dá a sílẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín: ọmọ ẹyẹ àti ọmọ adìyẹ, èwo ni ara rẹ̀ gbóná jù? Láti orí ọmọ adìyẹ ni wọ́n ti dé orí ìbéèrè ńlá, èyí tó kan àwa àti ẹ̀yin. Ibn Ridwan ní ẹni tó bá ní ìwé kò nílò olùkọ́. Ibn Butlan ní irọ́ ni, nítorí ìwé kò lè dáhùn nígbà tí ohun tí ó sọ kò bá yé ọ, àti pé adàwékọ lè ṣì í kọ, kí àmì tóótòòtó kan kúrò lórí lẹ́tà kí gbogbo ọ̀rọ̀ sì yí padà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ ọmọdé ní báù, táù àti sáù mọ̀ pé òótọ́ ni Ibn Butlan sọ níbí yìí. A fẹ́ràn Ibn Ridwan, ṣùgbọ́n a kò lè tẹ̀lé e lórí èyí. A sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹni tí kò rí owó olùkọ́ san nígbà èwe, tó sì fi ìwé nìkan di ọ̀gá, ó ṣòro kí ó gbà pé ohun kan fo òun. Ìwé ẹ̀gàn ń lọ, ìwé ẹ̀gàn ń bọ̀, títí Ibn Butlan fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Misra tìbínú tìbínú, tó gba Constantinople lọ.

Ìgbà tí ọjọ́ alẹ́ Ibn Ridwan sún mọ́lé ni ìyàn ńlá mú ní Misra, ní nǹkan bí ọdún 1055. Ó rí ọmọbìnrin kékeré kan tí kò ní ìyá tí kò ní bàbá, ó mú un wọlé, ó sì tọ́ ọ dàgbà. Ní ọjọ́ kan tó fi í sílẹ̀ nílé lóun nìkan, ọmọ náà kó wúrà àti ohun iyebíye tó tó nǹkan bí 20,000 dínárì, ó sì sá lọ. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ibn Abi Usaybi'a sọ pé láti ìgbà yẹn ni iyè Ibn Ridwan kò ti bá ara mu mọ́. Ó kú ní nǹkan bí ọdún 1061. Kí Ọlọ́hun ṣàforíjì fún un.

Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yẹn ńkọ́? Ìpínrọ̀ kan péré ni, inú ìwé tó fi ṣàlàyé iṣẹ́ Batlimus ará Gíríìkì lórí wíwo ìràwọ̀ ló kọ ọ́ sí. Ó fi ìràwọ̀ náà ṣe àmì ogun àti ìyàn. Apá yẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lónìí. Ìwọ̀n 15 ilé Àkekèé ni wọ́n ń lò.

Ní ọdún 1965, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Bernard Goldstein, tó gbọ́ èdè Lárúbáwá, ka ìpínrọ̀ náà, ó sì dán an wò. Ẹ wo bí ó ti rí. Sánmà dà bí aago ọlọ́wọ́ púpọ̀. Zuhal ni ọwọ́ tó lọ́ra jù, ó tó nǹkan bí ọdún 29 kí ó tó yí ká. Òṣùpá ló yára jù, kò ju ọjọ́ 27 àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sọ ibi tí gbogbo ọwọ́ aago náà wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti sọ ọjọ́, bí kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Goldstein ṣírò rẹ̀, ó sì bọ́ sí 30 April 1006.

Ní ọdún 1965 kan náà, àwọn onímọ̀ méjì ní Australia, Gardner àti Milne, fi ẹ̀rọ ńlá Parkes, tó ń gbọ́ ìró rédíò láti ojú ọ̀run, wá agbègbè tí àwọn ẹlẹ́rìí ìgbàanì tọ́ka sí. Wọ́n rí i. Ohun tó ṣẹ́ kù lára ìràwọ̀ náà wà níbẹ̀, ó rí róbótó bí òrùka èéfín, ó sì fẹ̀ lójú ọ̀run tó òṣùpá àrànmọ́jú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán kò lè rí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìyí, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ìràwọ̀ kan ti jó tán, ó kù bí ẹyin iná, kò tóbi ju ayé yìí lọ ṣùgbọ́n ó wúwo tó oòrùn. Nǹkan bà lé e láti ẹ̀gbẹ́, ó kọjá ohun tí agbára rẹ̀ lè gbé, ó sì bú gbàmù. Kí ni ó bà lé e? Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ wá ìràwọ̀ kejì tí ì bá kù níbẹ̀, wọn kò rí i. Èyí jẹ́ kí wọ́n gbà pé ẹyin iná méjì ló kọ lu ara wọn, tí méjèèjì sì run. Jíjìn rẹ̀ sí wa tó 7,200 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tí Ibn Ridwan rí kúrò níbẹ̀, Fìráónà kankan kò tí ì jọba ní Misra.

Iṣẹ́ lórí rẹ̀ kò tí ì tán. Ní ọdún 1995, sátẹ́láìtì Japan kan tó ń jẹ́ ASCA fi X-ray wo etí òrùka náà, ó sì fi hàn pé ibẹ̀ ló ti ń fi agbára tó bùáyà ju àwọn èérún tín-ín-tín-ín sínú òfuurufú. Ó ti pé tí àwọn onímọ̀ ti ń béèrè ibi tí èérún tó ń rọ̀ sórí ayé wa tọ̀sán tòru ti ń gba agbára, ìràwọ̀ Ibn Ridwan sì wà lára àwọn ibi tí èsì ti kọ́kọ́ wá. Ní ọdún 2023, sátẹ́láìtì IXPE ti Amẹ́ríkà àti Ítálì tún fi hàn bí agbára òòfà ṣe lọ́ mọ́ra wọn létí òrùka ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè àwọn ọmọ kéwú. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Jena ní Jámánì tú ìwé ìtàn àwọn ará Yemen wò, wọ́n sì rí i kà pé àárín oṣù Rajab ni wọ́n ti rí ìràwọ̀ yìí níbẹ̀, ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ṣáájú ọjọ́ tí Ibn Ridwan kọ. Ní ọdún 2016, wọ́n rí òmíràn nínú ìwé al-Shifa ti Ibn Sina, tó sọ bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń yí padà láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ìwé al-Shifa kò sọnù rí. Ẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń kà á. Ẹni tó mọ Lárúbáwá tó sì mọ ìràwọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni kò tètè dé ojú ìwé náà.

A kò gbàgbé Ibn Butlan. Nígbà tó dé Constantinople, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìràwọ̀ tuntun mìíràn yọ ní 1054. Ìyókù rẹ̀ ni ìkùukùu tí gbogbo ayé mọ̀ sí Crab. Ìtàn yìí wá dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà. Samuel Okoye, ọmọ ilẹ̀ Ìgbò tó gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, lọ sí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ nípa ìró rédíò ojú ọ̀run. Ní ọdún 1965, òun àti olùkọ́ rẹ̀ Antony Hewish kéde pé ohun kékeré kan wà láàárín ìkùukùu náà tí ìró rédíò rẹ̀ lágbára ju bó ti yẹ lọ. Wọn kò tí ì mọ ohun tó jẹ́. Ní 1967, ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Hewish, Jocelyn Bell, rí irú ìràwọ̀ tó ń yí bí òòyì níbòmíràn. Ní 1968 ni àṣírí ti àárín Crab tú: òkú ìràwọ̀ tí kò fẹ̀ ju ìlú kan lọ ni, tó ń yí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Okoye padà wálé, ó sì dá ibi ìwádìí ojú ọ̀run sílẹ̀ ní yunifásítì Nsukka. Ó kú ní ọdún 2009.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìràwọ̀ Ibn Ridwan wà, ẹ dúró di ìparí oṣù May, ní alẹ́ tí òjò kò bá ṣú. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òru, ẹ lọ síbi tí iná mànàmáná kò pọ̀ sí, kí ẹ kọjú sí gúúsù. Lápá òsì lókè, ẹ ó rí ìràwọ̀ pupa kan: Qalb al-Aqrab nìyẹn, ọkàn Àkekèé. Nísàlẹ̀ níwájú yín, ẹ ó rí ìràwọ̀ méjì tó mọ́lẹ̀ gan-an tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Láàárín pupa àti méjì yẹn, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan pàtàkì kan, ibẹ̀ ni.